Iyọ̀ Tí Kò Yọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì 2025
Ojú tì mí lónìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JS2 pé omi lè yọ́ oríṣiríṣi nǹkan — iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ. Ẹniolúwa nawọ́: "Ma, kí ló dé tó fi lè yọ́ gbogbo wọn?" Mo ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó ní, "Ma, ṣé CRK là ń kọ́ ni?" Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Èyí tó burú jù — Ṣítáàṣì wà lójú fèrèsé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ni, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè dá nàró láìsí ẹnì kankan nínú rẹ̀. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó".) Ó ní òun ń bọ̀ wá jókòó ní kíláàsì mi lọ́jọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá ní ìdáhùn, kí n lọ máa kọ́ wọn ní eré ìdárayá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo kàwé títí ọrùn fi wọ́. Kò yé mi.

Ọjọ́rú, 5
Ó yé mi! Mo pariwo. Àmọ̀kẹ́ tá a jọ ń gbé yàrá ní Ìlárè rò pé ejò ni. Ẹyọ omi tó kéré jù lọ pàápàá ní ìhà méjì bíi bátìrì — pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù. Iyọ̀ náà ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù tó dì mọ́ra. Omi á yí wọn ká, á máa fà wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún títí wọ́n á fi jára wọn sílẹ̀. Ṣúgà náà níbi tí omi ń rí dì mú. Ìhà méjèèjì yẹn ló jẹ́ kí ọwọ́ omi tó nǹkan púpọ̀. Àmọ̀kẹ́ ní irú omi bẹ́ẹ̀ ló wọ àárín òun àti Najeem tó fẹ́ fẹ́ òun.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo po omi iyọ̀ sílẹ̀ de ọ̀la. Àmọ̀kẹ́ ti fi se ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kò sí omi iyọ̀ — mo fi èèyàn ṣe é. Ọmọ méjìlélógún di omi. Ṣítáàṣì gbà láti jẹ́ pọ́sítíìfù. Ìyáàfin Àbíkẹ́ ń kọjá lọ, opó tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè — mo bẹ̀ ẹ́ wọlé. Nẹ́gátíìfù. Mo ní kí àwọn méjèèjì, iyọ̀ wa, di ara wọn lọ́wọ́ mú. "Omi, ẹ fà!" Àwọn ọmọ fà. Wọn ò jára sílẹ̀. Wọ́n tún fà. Bọ́tìnì Ṣítáàṣì já. Mo ní, "Sà, ẹ ti yọ́, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀." Ó ní, "Mi ò tíì yọ́." Ìyáàfin Àbíkẹ́ rọra ní, "Ẹ má fi mí sílẹ̀ o, sà."

Ẹniolúwa: "Ma, kò ṣiṣẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 10
Ṣítáàṣì ránṣẹ́ pè mí. Mo ti palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí n tó lọ. Kò mẹ́nu kan sáyẹ́ǹsì. Ó ní láti ọdún mẹ́ta tí ìyàwó òun ti kú lòun ti ń jẹ kéèkì Ìyáàfin Àbíkẹ́ — òun ò sì fẹ́ràn kéèkì rárá. Ẹnu òun ni ò gbà á sọ. "Míìsì Fisáyọ̀mi, ìwọ lo dá a sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Ẹdúnàbọ̀n. Wá bá mi sọ ọ́."
Èmi. Alárenà. Tí mi ò tíì lọ́kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Ẹdúnàbọ̀n. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí. Bàbá Ọlátúnbọ̀sún, ẹ̀gbọ́n Ìyáàfin Àbíkẹ́, ní kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ — bátìrì, iyọ̀, bọ́tìnì. Ṣítáàṣì ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá bi mí:
"Ọmọ mélòó lo ní ó fà wọ́n?"
"Méjìlélógún, sà."
"Wọn ò sì jára sílẹ̀?"
"Wọn ò jára sílẹ̀, sà."
Bàbá mí kanlẹ̀. "Kí wá lèmi nìkan fẹ́ fà?"