Abọ́ Méjì fún Kọ̀ǹpútà Ìbejì

Jímọ̀, Ìgbó-Ọrà

Orí mi ṣe é o!

Kọ̀ǹpútà méjì ni mo tò sí pápá ọkọ̀ òfurufú láti máa darí ẹrù àwọn èrò, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ lọ bí èkejì bá kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, àwọn méjèèjì sì kú pọ̀. Èmi ọmọ ìbejì ni mo so wọ́n mọ́ wáyà iná kan ṣoṣo, tí mo ní ohun kan náà ló tọ́ sí ìbejì. Ọ̀gá ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa wáṣẹ́ mìíràn.

Ìtìjú ni mo gbé wálé. Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Táyé, ohun tí mo bá fún ọ ni mo ń fún Kẹ́hìndé. Ṣùgbọ́n mi ò bu oúnjẹ yín sínú abọ́ kan rí. Bó bá dànù ńkọ́?"

Mo pe ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, wọ́n fa wáyà kejì láti orísun iná mìíràn. Lọ́sàn-án òní, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná àkọ́kọ́. Mo di fóònù mú sétí, mò ń retí ọ̀rọ̀ ọ̀gá.

"Táyé, ẹrù ṣì ń lọ!"

Nígbà tí mo wọ ilé ìdáná, abọ́ ọbẹ̀ ewé ilá méjì ni Màámi gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Kẹ́hìndé wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ l'Éruwà.

Mo jẹ tèmi, mo jẹ tiẹ̀. Iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró.