Ẹ̀rí tí Ezra Jẹ́ fún Wa

Òpópónà Jorissen,
Braamfontein,
Johannesburg.
14 Oṣù Bélú, 2009.

Àbísóyè, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá wa ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi, o sì mọ̀ mí: bí n kò bá sọ ọ́, oúnjẹ kò ní lọ lọ́fun mi.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. O rántí Ibùdó Èdè ní yunifásítì, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ iṣẹ́ tí olùkọ́ kò ní jù padà lù wọ́n. Àwọn aláṣẹ ní àwọn kò rí àǹfààní wa. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i? Hòsípítù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé kí ẹgbẹ́ wọn má baà rí wọn. Ẹni tó bá sì ti yege kò mọ̀ wá rí mọ́. Wọ́n wá ní ká mú ẹnì kan wá tí yóò jẹ́rìí wa níwájú ìgbìmọ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo dárúkọ Ezra Ògúnjìmí, ọmọ Iléṣà tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà ní Doornfontein.

Ezra! Nígbà tó kọ́kọ́ dé, gbólóhùn rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju rélùwéè Soweto lọ, kò sì sí ibi tí èrò ti lè sọ̀kalẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi jókòó tì í kó tó gba oyè mástà.

Alága ìgbìmọ̀ bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́. Ọmọ yìí dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó ní kì í ṣe ènìyàn kankan, Ọlọ́run nìkan ló ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bá A pín ògo. Ó rò pé àkókò ẹ̀rí ọjọ́ Sọ́ńdè ni! Díẹ̀ ló kù kí n ṣe "Halelúyà". Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Mokoena, kàn ní "Eish", ó fọwọ́ bojú. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run kì í ṣáà gba owó oṣù.

Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ní ìparí oṣù yìí ni wọn yóò tì wá pa. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún mi ní ìwé ìgbélùú. Bí n kò bá rí òmíràn kí ọdún tó yí, ẹ máa rí mi nílé lọ́wọ́ òfo.

Lánàá ni Ezra dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ti ní kó wá gba oyè dókítà, bí àbá iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bá ṣáà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́lòmíì tó lè ṣe é bíi tiyín." Mo kà á. Rélùwéè Soweto ti padà dé, ó tún fa ẹrù sẹ́yìn. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo dá a padà fún un, mo ní ó dára gan-an. Ó dúpẹ́ títí, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún mi.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti Fadékẹ́mi ọmọ yín. Má sọ ti iṣẹ́ mi fún ìyá wa o, ẹ̀jẹ̀ wọn á tún ru. Sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún Ezra. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni yóò gbé àbá rẹ̀ wọlé fún wọn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Bọ́láwùmí