Èérí Tí Mo Ní Kí Ẹ Bá Mi Sá

Yèyé mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Mo kí Bàbá mi, mo kí Fúnmi àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí, mo sì kí gbogbo ará Orun, ìlú wa, tí wọ́n ti gbọ́ pé ebi ń pa èmi Dáre nílùú òyìnbó. Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, nítorí gbangba lọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ebi kò pa wá. Tèmi, ọmọ mi, ni ara rẹ̀ kò yá. Ó ti pẹ́. Èmi ni mo fi pamọ́ fún yín.

Ìfun rẹ̀ kò gba àlìkámà. Búrẹ́dì, bisikíìtì, mítípáì, gbogbo rẹ̀ ti di èèwọ̀. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó ní mo ti ilé wá àìsàn fún ọmọ lọ sí òkè òkun. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni. N ò mọ̀ mọ́.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń wẹ̀ wọ́n. Tí mo bá ti inú òtútù dé, ilé ìdáná ló kàn. Mo ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ àti ti ìrẹsì ṣe búnsì àti ṣinṣín tí ọmọ yóò gbé lọ sílé ìwé. Mo ń jọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe ń jọ èlùbọ́, títí yóò fi funfun báláú. Àṣé funfun lásán ni. Ọmọ kò rí ìgbẹ́ yà mọ́, ikùn rẹ̀ le bí òkúta, ẹkún ló ń sun nílé ìyàgbẹ́. Nọ́ọ̀sì ní fáíbà tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ ni kò sí níbẹ̀, kí n wá nǹkan oníhóró tàbí èèpo pò mọ́ ọn. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tòsí wa, ti àlìkámà ni. Ìgbà náà ni mo rántí èérí tí ẹ ń sẹ́ kúrò lára ògì, tí ẹ ń dà fún ewúrẹ́.

Mo pe Fúnmi lórí fóònù, mo ní kó sọ fún yín pé kí ẹ bá mi sá èérí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe fáíbà lédè wa. Ẹ bi í pé èérí wo, ṣé ti abẹ́ èékánná ni àbí ti ewúrẹ́? Fúnmi rẹ́rìn-ín, ó ní ti ewúrẹ́ ni. Ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ gba fóònù, ẹ ní:

“Dáre, bó bá jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́ lẹ ń jẹ níbẹ̀, wá ulé.”

Kí n tó fèsì, ẹ ti dá fóònù padà. Láti ìgbà náà, Fúnmi ní ẹ ò jẹ́ kí òun fi owó tí mò ń fi ránṣẹ́ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín mọ́. Ẹ ní ẹ ò ní máa gbé oúnjẹ ọmọ ọmọ yín mì. Yèyé mi, ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo oògùn yín.

Ó wù mí kí n kọ ọ́ pé ara Tèmi ti ń yá. Irọ́ ni yóò jẹ́. Mo lọ èèpo ẹ̀wà, mo pò ó mọ́ búnsì. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ìyókù bọ̀ wálé, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń bèèrè bóyá iyẹ̀pẹ̀ ni. Bọ́lá ìyàwó mi ní mo da fáíbà sí i bí ẹni ń po sìmẹ́ńtì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi í kún un, kí ọmọ sì máa mu omi dáadáa. Òótọ́ ló sọ.

Kí Olúwa dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí àwọn ará oko. Lọ́la, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, n ó pe fóònù Fúnmi, n ó sì gbé fóònù mi fún ọmọ náà kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é fún yín. Òun kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáre