Àlọ́ Lójúmọmọ

Ọjọ́bọ, inú oṣù Kejìlá

Ìbéèrè tí Simi ọmọ mi bi mí lónìí ṣì ń dùn mí.

Láíbìrì Heathway la lọ lẹ́yìn ilé ìwé, láti gbọ́ Dadu. Bàbá àgbà ni Dadu lédè Bẹ̀ngálì. Láti ìgbà tí bàbá yìí ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham nílùú Òyìnbó níbí ló ti ń kọ ewì fún ọmọdé. Ewì odò abúlé wọn ló kà, àwọn ọmọ ń gbè é bí orin. Ló bá kọjú sí mi.

"Ìyá Simi, ó kàn ọ́. Sọ ìtàn tiyín fún wa."

Ìtàn kún inú mi. Mo rántí ẹ̀yìnkùlé wa n'Íjẹ̀bú, àtùpà, ẹ̀pà sísè, itan màmá àgbà tí mo máa ń gbórí lé. Ṣùgbọ́n màmá àgbà ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Màámi sì rèé nílé, ara wọn ò yá. Ṣé kí n wá dán an wò? Mo ní mi ò mọ ìkankan.

Simi wò mí. "Mummy, ṣé àwa ò ní ìtàn ni?"

Mo fà á lọ́wọ́. A jáde lọ síbi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Àṣé ilẹ̀ ti ṣú, aago márùn-ún ò sì tíì lù! Ọ̀sán ìlú yìí mà kéré o. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Simi, ààlọ́ o!"

Kò mọ ohun tó máa sọ. Mo kọ́ ọ, ó sì pariwo, "Ààlọ̀!" Dadu tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà gbè é: "Ààlọ̀!"

Bọ́ọ̀sì wa dé, ó lọ. A ò wọ̀ ọ́.