Pẹ̀lẹ́ Lójú Ìjà

Bàbá mi,

Mo ti dé o. Epo tún ti wọ́n, ọ̀kadà ni mo gùn wọ Ìlá, eruku bò mí dénú imú. Nígbà tí Màmá rí ojú mi tó wú, wọ́n fi aṣọ olómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún mi, wọ́n sì mú ìgbálẹ̀, wọ́n ń gbálẹ̀ títí di báyìí. Ẹ mọ̀ wọ́n: bí inú bá bí wọn, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe lọ ràì. Ẹ̀gbẹ́ sàréè yín níwájú ilé ni mo jókòó sí, mò ń kọ èyí lórí itan.

Bàbá, mo ti fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí à ń torí ife àti àmì-ẹ̀yẹ ṣe sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ olówó ni mo ń kàn jẹun báyìí. Kò sí akoto lórí mọ́, kò sí síńgílẹ́ẹ̀tì lára, ìbọ̀wọ́ náà sì fẹ́lẹ́. Kí n tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, mo sáré wálé wá sọ fún yín, àmọ́ àìsàn ti gba ohùn yín. Ẹ kàn di ọwọ́ mi mú ni. Ṣé ẹ fọwọ́ sí i, àbí ẹ fẹ́ dá mi dúró? Ọmọ tí bàbá ò wúre fún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Tèmi ò balẹ̀ rárá.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kò mí lójú ní Ìbàdàn, àgbà ni. Irùngbọ̀n wọn ti ń hewú. Ní ráúǹdì kejì, ẹ̀ṣẹ́ mi bà wọ́n, ìpéǹpéjú wọn là, ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Háà! Kí n tó mọ̀, mo ti ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ọwọ́ mi méjèèjì ti wálẹ̀, mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ òsì gbé mi lulẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Kóòṣì mi nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tún ṣe irú ẹ̀, kí n di ẹrù mi ni wọ́n sọ.

Ta ni ká bá wí? Ta ni kò mọ̀ yín lọ́nà Òkè-Ìlá? Ẹ ó so kèǹgbè ẹmu mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, bẹ́ ẹ bá rí àgbà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ẹmu á máa dà ṣòròṣòrò. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èyí tí mo kó ròde ló là mí mọ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún kó èmi àti àgbà náà pọ̀. Mo fi eyín di rọ́bà ẹnu mi mú, n ò kí wọn pẹ̀lẹ́ mọ́. Ojú tó là nígbà yẹn, ibẹ̀ gan-an ni mò ń wá. Ètè wọn là, ojú wọn méjèèjì dí, rẹfirí sì dá ìjà dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè. Inú mi dùn, n ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀wọ́, àgbà náà ni mo ń wá kiri. Bàbá, ṣé ọmọ tẹ́ ẹ kọ́ ṣì ni mí?

Mo lọ bá wọn lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì tòun ti òógùn. Wọn ò ríran, wọ́n ń fọwọ́ wá mi kiri. Wọ́n bi mí ọmọ ta ni mí, mo dárúkọ yín. Wọ́n bi mí bóyá ẹ wà láyé, mo ní a ti sin yín síwájú ilé. Ni wọ́n bá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n fi ẹnu tí ẹ̀ṣẹ́ mi là yẹn wúre fún mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí mo yàn á gbè mí. Wọ́n ní ọjọ́ ogbó mi ò ní bá mi lójú ìjà.

Mò ń sunkún, mò ń ṣe àmín. Bàbá, ẹ bá mi ṣe àmín.

Èmi ni,
ọmọ yín ọkùnrin tí àárò yín ń sọ.