Igun Tí Wọ́n Rán Tán

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ozoda,

Ṣé òtútù Mọ́sìkò ò tíì sọ yín di yìnyín? Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti sàn. Mo bá àwọn tó ṣe ìpàtẹ oge ní Nurata fi irin lọ aṣọ títí èéfín fi ń jáde létí mi.

Wàhálà wà o. Màmá yá àwọn onípàtẹ náà ní aṣọ ìgbéyàwó yín, èyí tí Ìyá àgbà ṣe ọnà sí, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi igun kan sílẹ̀ láìrán kí ayọ̀ yín má baà parí. Gulsanam, aránṣọ ibi ìpàtẹ náà, rí i lẹ́yìn aṣọ ìkélé. "Ọ̀lẹ wo ló ṣe eléyìí?" Ló bá rán an tán!

Ìyá àgbà ò jẹun mọ́. Mo fẹ́ tú u, wọ́n ní, "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, aláṣejù! Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló máa tú u."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wálé. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Ìyá àgbà gbé aṣọ náà lé itan, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò yín,
Sardor