Onídùúró Kọ̀ǹpútà Ti Wá, Ó Ti Lọ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìlú ńlá. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọkọ mi kékeré ńkọ́, ọmọ yín tó ti ń rìn káàkiri ilé gbogbo àyàfi ilé wa? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé yín, ọ̀gá rẹ á máa fi ojú àánú wò ọ́, ohun tí o ń wá lọ sí ìlú yẹn kò ní fi ọ́ ṣeré. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Orúnkún bàbá yín ṣì ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dùn wọ́n rárá. Màṣíìnì ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà ń bú mi pé mò ń pẹ́, èmi náà ń bú wọn pé wọ́n ń sanra kí aṣọ tó parí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé yìí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o ní kí a máa fi rí ojú ọmọ-ọmọ wa níwọ̀n ìgbà tí ìwọ kò ráyè wálé. A dúpẹ́ o, o ṣe é. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé kò ṣe wá dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ojú ọmọ á yọ, ẹnu á là, kọ̀ǹpútà á sì dákẹ́ sójú kan. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kékeré fẹ́ kọ́kọ́ dá rìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè báyìí, kọ̀ǹpútà bá dúró gbagidi. Mo jókòó, mò ń pàtẹ́wọ́, ẹsẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ọbẹ̀ fẹ́ jóná, mo sáré lọ, mo sáré bọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ṣì wà lókè. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí bàbá yín fọ́ kọ̀ǹpútà yẹn létí, wọ́n ní àwọn kì í na ọmọ ọlọ́mọ. Títí di òní mi ò rí bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe kan ilẹ̀, ó sì dùn mí.

Nígbà tí o wá sọ lórí fóònù pé mẹ́mọ́rì rẹ̀ ni kò tó, pé tuntun ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kéré, pé o ti ra òmíràn tí a ó fi kún un, tó sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, inú wa dùn. Bàbá yín gbọ́ ìlọ́po méjì, wọ́n bá lọ háyà ọmọlanke, wọ́n tì í lọ sí gáréèjì. Gbogbo àdúgbò ń kí wọn kú oríire, wọ́n ń bèèrè pé kí ni ọmọ tún kó dé. Àpòòwé pẹlẹbẹ kan ni awakọ̀ nà sí wọn. Wọ́n yẹ inú ọkọ̀ wò, wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, wọ́n bi awakọ̀ bóyá ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ojú má bàa tì wọ́n, wọ́n gbé àpòòwé náà sí àárín ọmọlanke, wọ́n fi okùn dè é, wọ́n sì ń tì í bọ̀ wálé, wọ́n ń làágùn bí ẹni tó ti símẹ́ǹtì. Nígbà tí a tú u, nǹkan tí mo bá níbẹ̀ kò gùn tó kóòmù tí mo fi ń yarun. Mo ní háà, wọ́n ti lu ọmọ mi ní jìbìtì.

Àbúrò mi tó ń tún redíò ṣe ní kò sí jìbìtì níbẹ̀, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, òun á ṣí i, òun á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kí omi tíì tó hó. Ó ti mú irin tó fi ń tú nọ́ọ̀tì jáde. Bàbá yín bá dìde fùú, wọ́n dúró sí àárín òun àti kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún àwọn pé àwọn tó tà á dúró fún un fún odindi ọdún kan, pé bó bá ṣe ohun tí kò yẹ kí a pè wọ́n, pé wọ́n sì lẹ bébà kékeré mọ́ ọn lẹ́yìn pé ẹni tí kì í bá ṣe tiwọn kò gbọdọ̀ ṣí i. Wọ́n ní ó ti yé àwọn, kọ̀ǹpútà yìí ní onídùúró. Ta ló ń fọwọ́ kan ẹni tó ní onídùúró láì kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe onídùúró rẹ̀? Àbúrò mi ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Bàbá yín ní bí kì í bá ṣe ohun tó lè ṣẹ̀ ni, kí ni wọ́n wá ń dúró fún un sí? Àbúrò mi bínú lọ, ó ní kí onídùúró náà máa bá wa tún redíò wa ṣe.

Ni a bá pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó bi wá pé kí ni òun lè ṣe fún wa. Ọmọ mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Láti ìgbà tí mo ti ń bímọ, ta nínú yín ló gbé fóònù rí tó kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀? Bàbá yín gba fóònù, wọ́n ní kò tíì kan ìyẹn, wọ́n kí i, wọ́n kí àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn kí ọ̀gá rẹ̀ kú ìdúró. Ó ní òun ti gbọ́, sà, kí ni kọ̀ǹpútà náà ṣe? Bàbá yín ní kò dára kí àwọn ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n wá. Wọ́n sì wá! Mo ní wọ́n wá! Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí géńdé kan fi kanlẹ̀kùn, tàpòtàpò léjìká, ó ní àwọn tó ta kọ̀ǹpútà ló rán òun.

Bàbá yín wọ aṣọ ńlá. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ lára kọ̀ǹpútà, torí mo ti rán ẹ̀wù fún un kí eruku má bàa bà á, mo tilẹ̀ fi láínì, aṣọ abẹ́nú, sí i nínú. Wọ́n wá ro ẹjọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀: bó ṣe ń dákẹ́ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ kọ́ sókè, bó ṣe ń gbóná tó sì ń kùn. À ń retí kí onídùúró bá a wí. Kò bá a wí o! Ó kàn ní ẹ̀wù tí mo rán ló dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Ó dùn mí gan-an, torí mi ò gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀wù yẹn. Ó ya bébà ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣí i, ó fi mẹ́mọ́rì sí i, ó dún kà, ó pa á dé, ó lẹ bébà tuntun. Ó ní kọ̀ǹpútà nìkan ni àwọn dúró fún o, ẹni tó ta mẹ́mọ́rì ni kó dúró fún mẹ́mọ́rì. Bàbá yín ní òfin dára. Ó mu tíì, ó bèèrè orúnkún wọn, ó lọ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé sórí fóònù, àwọn tó rán an ń bèèrè bóyá inú wa dùn sí bí ó ṣe wá. Mo kà á fún bàbá yín, ojú àwòrán rẹ tó wà lára ògiri ni wọ́n ń wò.

Lọ́jọ́ kejì ni a pè yín. Ó mọ́ kedere! Mo rí eyín ọkọ mi, mo rí ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ létí. Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, èkejì kan ilẹ̀, ó ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó fọwọ́ pa mí lójú lórí gíláàsì. Ó wò mí, ó wò mí, ló bá yí lọ sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tiyín. Ìyàwó rẹ ní èmi ló ń wá. A ń gbọ́ ọ tó ń fa wáyà. Kò bá mi níbẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Ìwọ rẹ́rìn-ín, o ní bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe nìyẹn, o ní ìpàdé ń dúró dè ọ́, o bá pa kọ̀ǹpútà. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí bàbá yín jáde, èmi náà dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn tiwa. Wáyà àti eruku ni mo bá.

Mo tún pe ọmọbìnrin onídùúró. Ó ní ṣé kọ̀ǹpútà tún ti ṣe nǹkan ni, mà? Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà ti ronú pìwà dà, ọmọ mi ni. Mo ní kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, ó níwà, ó ń tọ́jú wa, ó kàn jẹ́ pé kì í wálé. Ṣé ọ̀dọ̀ wọn náà ni a ó ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ó ní kí n má bínú, òun máa fà mí lé ẹ̀ka mìíràn lọ́wọ́. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí owó fóònù mi fi tán.

Bàbá yín ní kí o fi owó fìlà tuntun ránṣẹ́, nítorí pé bí kọ̀ǹpútà ṣe mọ́ kedere yìí, gbogbo ayé ló ń rí i pé èyí tí wọ́n ń dé ti ṣá. Ní tèmi, ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o tún fẹ́ ra kámẹ́rà tó dára ju ti ìsinsìnyí lọ fún wa. Jọ̀ọ́, má rà á. Owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Bí ìwọ kò bá ráyè, èmi ráyè. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu, mi ò bèèrè yàrá, mi ò bèèrè bẹ́ẹ̀dì. Gbé àga kan sí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín fún mi. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti wá mi tí kò rí mi, ibẹ̀ ni màá jókòó sí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, wàá dàgbà, wàá dogbó, orúnkún á máa dun ìwọ náà díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ kò ní fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.